Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ló Ń Ṣe Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Zhang Yongzhen ti ìlú Shanghai àti Edward Holmes tó wà ní Sydney gbé nǹkan bí 30,000 lẹ́tà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn lẹ́tà yìí ni àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò kòrónà tuntun tó ń dá àwọn ará Wuhan dùbúlẹ̀ nígbà náà. Oṣù méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, wọ́n ti gún ẹni àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna fún ìdánwò ní ìlú Seattle l'Amẹ́ríkà. Ìyára yìí ló bí àròyé tí a ń gbọ́ títí dòní: pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ náà, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wọ ara èèyàn. Ní òdìkejì, àwọn kan ń yọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ajọ̀ ni kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ yìí: òun la fi ń jọ èlùbọ́, kì í ṣe òun ló ń rokà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń jọ̀. Lára kòkòrò kòrónà, àwọn ẹ̀gún wà tó fi ń há mọ́ sẹ́ẹ̀lì wa kó tó wọlé. Okùn purotéènì mẹ́ta ló para pọ̀ di ẹ̀gún kan, amino acid, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó so pọ̀ di purotéènì, 1,273 ló sì wà nínú okùn kọ̀ọ̀kan. Áńtíbọ́dì tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ lè dojú kọ ẹ̀gún yìí látìta. Ti sẹ́ẹ̀lì T, tóun náà ń gbèjà ara, yàtọ̀: ègé purotéènì ni òun ń dá mọ̀. Nígbà tí kòkòrò bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì kan, sẹ́ẹ̀lì náà á gé purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á sì pàtẹ rẹ̀ síta lórí ohun tí wọ́n ń pè ní HLA, kí sẹ́ẹ̀lì T lè rí i. Amino acid mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú irú ègé bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé okùn yẹn ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, tí a ń sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ègé 1,265 la ó rí, a ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn purotéènì yòókù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi HLA ló tún wà láyé, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní ègé tó bá a mu. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ dán gbogbo ìyẹn wò tán? Kọ̀ǹpútà tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn ègé tí wọ́n ti dán wò tẹ́lẹ̀ á sọ èyí tó ṣeé ṣe kó dúró lórí HLA wo, láàárín àkókò kúkúrú, a ó sì mọ ìwọ̀nba tó yẹ ká fi ọwọ́ kàn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilé ìwádìí La Jolla ní California. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Alba Grifoni, Alessandro Sette àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àbùdá kòkòrò tuntun náà wé ohun tí ayé ti mọ̀ nípa SARS tó jà ní 2003, kọ̀ǹpútà sì tọ́ka sí àwọn ègé tó ṣeé ṣe kí ara dá mọ̀. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, àsọtẹ́lẹ̀ lásán ni ì bá jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n gbé àbájáde mìíràn jáde: wọ́n ti ṣe àwọn ègé náà ní láàbù, wọ́n sì ti pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 20 tí àrùn náà ti ṣe, tí ara wọn sì ti yá. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ni sẹ́ẹ̀lì T tó ń jẹ́ CD4 ti ta jí. Oríṣi kejì, CD8, ta jí nínú ti nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ohun tó jọ mí lójú jù ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí àrùn náà tó dáyé rárá. Nínú bí ìdajì rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T kan wà tó dá kòkòrò tuntun yìí mọ̀, bóyá nítorí pé àwọn kòrónà tó ń fa ọ̀fìnkìn ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí yìí.

Ẹni tó bá ní àbá lásán ni kọ̀ǹpútà ń dá kò parọ́. Ègé lè bá HLA mu dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, kó má sì fara hàn rárá nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè. Ojúkò 22 sì wà lórí okùn ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan tí ṣúgà máa ń so mọ́, tó ń bo ara purotéènì mọ́ áńtíbọ́dì lójú. Láti 2020, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpilẹ̀kọ ló ti jáde tó ń kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun, tó sì jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n kò kan ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ìwé ni mo ka ìwọ̀nyẹn sí, n kò kà wọ́n sí oògùn. Ẹ wo abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn oríṣi B: ọdún 2000 ni Rino Rappuoli àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣa àwọn purotéènì rẹ̀, wọ́n sì ṣe nǹkan bí 350 nínú wọn ní láàbù, síbẹ̀ ó di 2013 kí Yúróòpù tó fọwọ́ sí Bexsero.

Kí wá ló mú ti kòrónà yá? Ilẹ̀ ti rọ̀ kí òjò tó dé ni. Jason McLellan, Barney Graham, Kizzmekia Corbett àtàwọn mìíràn ti ń bá ẹ̀gún kòrónà MERS fà á. Ní 2017 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí a bá fi amino acid tó ń jẹ́ proline rọ́pò méjì péré nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ̀gún náà kò ní yí ìrísí padà kí ara tó rí i dáadáa. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún ojúkò 986 àti 987 lára kòrónà tuntun. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni àwọn èèyàn rò pé oṣù méjì ló bí i.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kòkòrò tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ yóò sọ gbogbo ìṣirò di asán. Ẹ̀yà kòrónà tó ń jẹ́ Òmíkírọ́ọ̀nù, tó yọjú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, fẹ́ dá wọn láre, torí ó lé ní ọgbọ̀n ibi tí ẹ̀gún rẹ̀ ti yí padà, ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ni kò sì rí i mú mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wendy Burgers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Town yẹ sẹ́ẹ̀lì T wò, ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ṣì wà. Ègé tí sẹ́ẹ̀lì T ń dá mọ̀ fọ́n káàkiri inú purotéènì, HLA tèmi àti tìrẹ kì í sì í sábà mú ègé kan náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí kọ̀ǹpútà wá ojúkò púpọ̀, kó má tẹjú mọ́ ẹyọ kan.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà ló mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ tó ń lò, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni oríṣiríṣi àbùdá pọ̀ sí jù láyé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé ìwádìí ACEGID tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ka àbùdá kòrónà tuntun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Kòkòrò la kà níbẹ̀. HLA tiwa ṣì kù. Ẹni tó bá ń fura sí gbígba ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti fura, torí a ò tíì gbàgbé oògùn Trovan tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò ní 1996. Àmọ́ irú ẹ̀rọ tó ka kòkòrò ní Ẹdẹ náà la fi ń ka HLA. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá fi tinútinú gbà kò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́, onítọ̀hún sì lè mọ ẹni tó ń lo àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó ń fi í ṣe.