Ogun Kírìjì: Ìrántí Tí Ó Ń Ṣá àti Ọ̀nà Tí Ilé-Ìwé Ń Gbà Kọ́ni Ní Ìtàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe nítorí kí ó lè di ẹ̀bi ru ẹnìkan ni àgbà ṣe ń wo ẹ̀yìn. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú ni, kí ó má baà tún kọsẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìtàn ń ṣe láàárín àwùjọ nìyí gan-an. Nínú gbogbo ogun tí ó jà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí èyí tí ó kan ìlú púpọ̀ tó Ogun Kírìjì, tí rògbòdìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí kò sì tán nílẹ̀ pátápátá títí di ọdún 1893. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jáde ilé-ìwé gíga lónìí tí kò lè sọ ẹni tí ó bá ara wọn jà, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà, àti bí ìjà náà ṣe parí. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó fa irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀, àti ohun tí olùkọ́ lè ṣe sí i.

Ẹni tí yóò bá mọ ohun tí a ń gbàgbé ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn jagunjagun ní nǹkan bí ọdún 1829. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di ìlú tí apá rẹ̀ ká gbogbo àyíká. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni ó lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn náà ni ó fọ́ Ìjàyè ní ọdún 1862, tí ó sì ṣẹ́gun Iléṣà ní ọdún 1870. Ìlú tí Ìbàdàn bá ti ṣẹ́, ajẹ́lẹ̀ ni wọn í fi síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú àti etí Ìbàdàn. Òun ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun náà ni ó sì ń rí i pé ìlú kò ṣọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ara wọn di ẹrù wúwo lórí ará ìlú: wọ́n ń jẹ wọ́n níyà, wọ́n ń kó wọn lẹ́rù, wọn kò sì ka ọlá baálé ilé kún. Nígbà tí ó di ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú rẹ̀. Bí iná ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ràn. Àwọn ìlú Èkìtì mìíràn dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn pẹ̀lú.

Ẹ̀hónú sí àwọn ajẹ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Ìbàdàn kò ní etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá. Ohun tí wọ́n bá rà gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Ní ọdún 1877, nígbà tí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, àwọn Ẹ̀gbá dènà de àwọn tí ó ń ru ẹrù náà bọ̀. Láti ìgbà náà ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, tí Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ti ọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tí Èkìtì dìde, ẹni tí ọ̀tá ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dìde sí. Ọ̀ràn àṣẹ àti ọ̀ràn ọjà ni ó so pọ̀ di ogun kan.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù November, ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀ nítòsí Ìkìrun nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sá lọ ni ó ṣègbé sínú odò Ọ̀tìn. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì da ọwọ́ pọ̀, wọ́n di Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Ìbàdàn tẹ̀dó sí ìhà Igbájọ; Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Láàárín àwọn òkè tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti kojú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìró ìbọn ńláńlá tí ń dún láti òkè dé òkè ni a gbọ́ bí “kírìjì”, òun ni ó sì di orúkọ ogun náà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Sàró bọ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn òyìnbó tuntun tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn. Ìbọn wọ̀nyí yára ju ṣakabùlà lọ, ó sì ń ta jìnnà jù ú. Ìdí nìyí tí Ìbàdàn, tí ó ti mọ́ lára láti ṣẹ́gun kíákíá, kò fi rí ọ̀nà gbé e gbà mọ́. Ibùdó méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ìlú: wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n ń ná ọjà. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó náà ní ọdún 1885, ogun kò sì tíì tán.

Bí ogun náà ṣe parí ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀ jù, òun gan-an ni a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí ìjọba Èkó pé kí wọ́n bá òun pa iná ogun náà. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney rán àlùfáà méjì lọ sí àwọn ibùdó: Samuel Johnson àti Charles Phillips. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ àṣà, wọ́n sì mọ bí a ti í bá ọba àti balógun sọ̀rọ̀. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn ọ̀tá, títí ọ̀rọ̀ fi wọ̀. A fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù June, ọdún 1886. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù September, a kéde àlàáfíà lójú ogun. Àdéhùn náà gbà pé Èkìtì Parapọ̀ yóò wà ní òmìnira. Ó ní Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Igbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ibẹ̀ lè kó lọ. Ó sì ní àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ tí ó bá fẹ́ wà pẹ̀lú Ìbàdàn yóò kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, wọn yóò lọ tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Wàhálà Ìbàdàn àti Ìlọrin kò jẹ́ kí gbogbo ọmọ ogun túká lọ́jọ́ náà. Gómìnà Carter ni ó wá tú àwọn ibùdó tí ó kù ká ní ọdún 1893. Ìgbà yẹn ni àṣẹ òyìnbó wọ gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹni méjì tí ó ja ìjà àjàkú ti rẹ̀ ẹ́ kí ẹnìkẹta tó dé.

Báwo ni ìrántí irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe wá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Láyé àtijọ́, kò sí ìwé ọjọ́-ìbí. Ogun ni àwọn àgbà fi ń ka ọjọ́ orí. Ẹni tí a bá bi léèrè yóò ní ìgbà ogun báyìí ni a bí òun. Oríkì ìdílé ń tọ́ka sí akọni tí ó lọ tí kò bọ̀. Nígbà tí àwọn tí ó fojú rí i kú tán, tí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí sì dé, ọ̀rọ̀ náà kò ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lẹ́nu ènìyàn lójoojúmọ́ mọ́. Ohun tí kò bá sì sí lẹ́nu, ó di dandan kí ó wà nínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rá.

Ìwé wà nítòótọ́. Johnson kan náà tí ó ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ní ọdún 1964, J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith gbé ìwé jáde lórí ogun Yorùbá. Ní ọdún 1971, S. A. Akintoye gbé tirẹ̀ jáde lórí Èkìtì Parapọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé ni a sì kọ wọ́n fún. Ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù yàtọ̀. Bí a bá dárúkọ Látòósà lójú ọjà, eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akinwumi Isola kọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rántí, nítorí wọ́n kà á ní kíláàsì, wọ́n sì wò ó lórí ìtàgé. Wọ́n mọ Ààrẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbógun ti obìnrin alágbára kan ní ọdún 1874; wọn kò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ lójú ogun Kírìjì. Ìyẹn kò bu eré náà kù. Ó kàn fi hàn pé ohun tí ilé-ìwé bá gbé fún ọmọ ni ìlú yóò rántí.

Ilé-ìwé sì ti gbé ìtàn sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lábẹ́ òyìnbó, ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn arìnrìn-àjò wọn ni ó gba iwájú. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tún ọ̀nà ṣe, ìtàn ilẹ̀ wa sì wọ inú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, Ẹ̀kọ́ nípa Àwùjọ ni ó gba ipò ìtàn ní ìpele kékeré ilé-ìwé gíga. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó jáde ní ọdún 2007 kò fi àyè sílẹ̀ fún ìtàn láti dá dúró. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a dá a padà. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí yóò mú un ṣẹ ni a kò fi ìtàn kọ́ ní kékeré. A kì í bu omi nínú àmù tí a kò pọn sí.

Ohun mìíràn tún wà tí ń pa olùkọ́ lẹ́nu mọ́: ìbẹ̀rù. Ní kíláàsì kan náà ni ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Iléṣà, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ lè jókòó sí. Ohun tí àwọn kan ń pè ní ìgbà ògo ni àwọn mìíràn ń pè ní ìgbà ìjẹgàba. Olùkọ́ tí kò fẹ́ ìjà yóò rò pé dídákẹ́ ni ó sàn. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá dákẹ́, ìlú kò ní dákẹ́. Kàkà kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìhà méjèèjì, ti ìhà kan ṣoṣo ni yóò gbọ́ nílé. Ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́ ni ẹ̀rí. Ìpín tí ó kàn án nínú àdéhùn 1886 kò ṣeé mú ṣẹ nígbà náà. Ìlú náà tú ní ọdún 1909, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì padà lẹ́yìn náà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ní ọdún 1981, ó sì tún le gidigidi láti ọdún 1997 sí 2000. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ ìtàn nìkan ì bá dá ìjà náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń parí ìjà tí kò mọ gbòǹgbò rẹ̀, ewé lásán ni ó ń já.

Bí a óò bá tún un ṣe, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ni gbọ́dọ̀ yí padà. Kí á má fi orúkọ akọni àti ọdún ogun nìkan há ọmọ lórí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dáhùn: kí ni ó fà á, ta ni ó jìyà rẹ̀, báwo ni ó ṣe parí? Ìbéèrè kejì yóò mú wa rántí àwọn tí a kó lẹ́rú, àti àwọn obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùdó. Kí olùkọ́ ka ìwé àdéhùn 1886 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jíròrò ohun tí olúkúlùkù jèrè àti ohun tí ó pàdánù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí kíláàsì wá fi ti ìlú kan wé ti ìlú kejì. Níbi tí oríkì méjì bá ti takora ni ẹ̀kọ́ ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà síra wọn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni àwọn méjèèjì wà lónìí. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ yóò rí i bí àfonífojì tí ó wà láàárín àwọn ọmọ ìyá méjì ti kéré tó. Olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni oríkì, àṣà àti ìwé kíkà wà. Kò gbọdọ̀ dúró de olùkọ́ ìtàn tí a kò tíì gbà síṣẹ́.

Àwọn tí ó ja Kírìjì kò fi ogun náà lé wa lọ́wọ́ kí á lè máa fi yangàn sí ara wa. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ gan-an ni bí ẹni tí ó ti bá ara wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe jókòó, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì gbà láti tú ibùdó ká. Òun ni ogún tí ó tọ́ sí ọmọ ilé-ìwé, ọwọ́ olùkọ́ ni ó sì wà láti fi lé e lọ́wọ́.