Èdìdì Kan, Ibodè Mẹ́ta

Tírélà náà ti Tema ní Gánà bọ̀, ọṣẹ ló kún inú rẹ̀. Bó ṣe wọ ọgbà ibodè Sẹ̀mẹ̀-Kraké, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló gbà lọ. Ó di èdìdì irin ẹnu ilẹ̀kùn mú, ó mì í wò. Kò yẹ̀.

Èdìdì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọṣẹ yìí la Tógò kọjá, ó la Bẹ̀nẹ̀ kọjá, kò sì san owó ibodè fún ọ̀kankan nínú wọn, torí wọn kò ní tà á níbẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu lọ́dún 1982 ló fàyè gba èyí. Ṣùgbọ́n ó ní láti ní onígbọ̀wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá já ẹrù náà sí Lomé, tàbí tó fọ́n ọn sí ọjà kan ní Kútọnu, onígbọ̀wọ́ ni yóò san owó ibodè.

Ọgbà kan náà ni àwọn aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà wà. Buhari àti Talon, tó jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ló jọ ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá àwọn awakọ̀ sáré ìwé wá pàdé awakọ̀ náà.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà, bàbá. Ìwé tí wọ́n lù lóǹtẹ̀ ní ibodè Hillacondji ńkọ́?”

“Òun rèé, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó sọnù o.”

Aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ ka nọ́ńbà ara èdìdì, ó wo ti inú ìwé, ó lu òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí wà lára ohun tí wọn yóò fi tú onígbọ̀wọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá padà síbi tí ẹrù ti gbéra, ọrùn onígbọ̀wọ́ ṣì wà nínú okùn.

Lọ́dọ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti já èdìdì. Wọ́n yẹ páálí wò, wọ́n sì béèrè ìwé ẹ̀rí pé Gánà ni wọ́n ti ṣe ọṣẹ náà lóòótọ́, torí ìwé yẹn ló lè yọ ọ́ nínú owó ibodè.

Òǹtẹ̀ kì í pẹ́. Ìdúró ló ń pẹ́. Ohun tó sì dùn mí jù wà lẹ́yìn ibodè, lójú ọ̀nà Badagry. Ìjọba mẹ́rin ti yẹ ìwé ọkọ̀ yìí wò, síbẹ̀ àwọn tó gbé igi dábùú ọ̀nà tún ní àwọn fẹ́ rí i, ibùdó kan lẹ́yìn òmíràn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Owó tó bá bá ìdádúró yẹn lọ, orí ọṣẹ ni wọ́n ń gbé e lé, alátẹ tó ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń bá oníbàárà jiyàn lé e lórí.