Ẹ́ńjìnnì tí ń Gbọ̀n ní Òwúrọ̀

Àìsàn kan wà tí í máa da ènìyàn láàmú lóru, ṣùgbọ́n tí kì í hàn mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí aláìsàn sì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì ní òwúrọ̀. Bí awakọ̀ bá tan án, yóò máa gbọ̀n lójú kan, nígbà mìíràn yóò sì kú pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ara rẹ̀ ti gbóná, kò sì sí àmì àìsàn lára rẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì a wá máa méfò. A pààrọ̀ èyí, a pààrọ̀ tọ̀hún. Owó a lọ, àìsàn kò ní lọ.

Inú ẹ́ńjìnnì ni epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, tí iná ẹnu púlọ́ọ̀gì sì ń mú wọn gbiná. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ìwọ̀n epo 1 ni ó ń bá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó súnmọ́ 15 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tutù, púpọ̀ nínú epo náà kì í lè di oru. Ara irin ni ó ń lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kábúrétọ̀, awakọ̀ ni ó sábà máa ń fa ṣóòkù láti dín afẹ́fẹ́ kù. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ń fi kún epo, sẹ́ńsọ̀ kan tí ó wà nínú ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń sọ fún un bí ara ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó.

Bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá ń purọ́ pé ara ẹ́ńjìnnì ti gbóná, epo kò ní tó. Bí róbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà bá ti sán, afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ nípa rẹ̀ yóò máa yọ́ wọlé. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti gbó, iná rẹ̀ kò ní lágbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, epo a máa di oru wéréwéré, kọ̀ǹpútà a sì lè yẹ èéfín wò láti tún ìwọ̀n epo ṣe. Ìdí nìyí tí àléébù wọ̀nyí fi ń fara pamọ́.

Ohun tí ó yẹ ni kí olówó ọkọ̀ fi í sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì di ọjọ́ kejì, kí ó lè tan án ní kùtùkùtù kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí kò náni lówó ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò: kí ó wo àwọn róbà, kí ó sì tú púlọ́ọ̀gì. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, ó ṣeé ṣe kí epo má tó. Lẹ́yìn èyí, kí ó bi sẹ́ńsọ̀ léèrè. Ọkọ̀ tí ó sun ìta mọ́júmọ́ kò lè gbóná ju afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lọ. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 20, tí sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ pé 80 ni, irọ́ ni ó ń pa.

Ìta gbangba ni kí a ti ṣe gbogbo èyí. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí a bá sé e mọ́ inú ilé, ó lè pa ènìyàn kí ó tó fura.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tẹjú mọ́ èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.