Ọmọ Orin-Èkìtì tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ìṣirò ní Newcastle

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sin ọ̀rẹ́ wa kan dé gáréèjì ní Ìkọ̀lé. Òun ni ẹnì kẹta tó máa jápa nínú àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ másítà. Bó ṣe ń wọ mọ́tò ló bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni tìẹ?" N ò rí èsì fọ̀.

Mo wá ń ronú nípa àwọn tó kúrò lápá ibí ṣáájú wa. Ọ̀pọ̀ mọ J. F. Ade Ajayi, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé ní 1929. Ṣùgbọ́n ta ló mọ Adégòkè Olubummo? Orin-Èkìtì, lápá Ìdó, ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ní 1955, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Chike Obi nìkan ló ṣáájú rẹ̀, ní 1950.

Functional analysis ni ẹ̀ka ìṣirò tó yàn. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: ẹ ya bí ooru ṣe ń lọ sókè sódò ní Ìkọ̀lé láti àárọ̀ di alẹ́ sórí bébà. Ìlà kan nìyẹn. Ẹ ya ti ọjọ́ kejì lé e. Níbo ni wọ́n ti jìnnà síra jù? Ká ní aago méjì ọ̀sán ni, tí àlàfo ibẹ̀ sì jẹ́ dìgírì 4, a lè sọ pé ọjọ́ méjèèjì fi 4 jìnnà síra. Odindi ìlà ti di ojú kan ṣoṣo, bí ìlú lórí máàpù. Irú ìṣirò yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń ṣàlàyé ìṣesí átọ́ọ̀mù.

Olubummo padà sílé. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ṣì kéré nígbà náà, ó ń wá olùkọ́. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yewande, náà kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Massachusetts ní 1991, ó sì di olùkọ́ ìṣirò ní Spelman College, Atlanta.

Bàbá lọ, ó padà. Ọmọ lọ, ó dúró sọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ló kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé nígbà tí bàbá ń bọ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. À ń bi ara wa pé ìgbà wo la máa lọ. Ta ló ń bi wá pé kí la máa bá nílé tí a bá dé?

Ọ̀rẹ́ mi, n ò tíì mọ̀ bóyá màá lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, àwọn ọmọ ọdún kìíní tí mò ń ràn lọ́wọ́ nínú ìṣirò máa gbọ́ orúkọ Olubummo. Ọ̀nà Orin ò jìn síbí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló jáde ní ìlú tiyín tí ẹ ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?