Ọ̀dàn Àríwá Èkìtì: Koríko, Iná àti Àkókò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìfàkì lọ sí Ìkòlé nígbà ọyẹ́ yóò rí i pé igbó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí koríko sì ń gba ààyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ọ̀dàn yìí sí ilẹ̀ tó ti ṣá. Èrò tiwa yàtọ̀. Òjò agbègbè náà tó láti gbé igbó ró. Iná ló ń dá igbó dúró, pàápàá jù lọ àkókò tí a dá iná náà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà ní igbó ọba Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé bíi tiwa. Láti ọdún 1929 ni wọ́n ti ń sun abala kan níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Nígbà tí Charter àti Keay jábọ̀ ní 1960, abala tí iná kò dé ti ń di igbó. Èyí tí a ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá, igi inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn.

Ní Oṣù Kejìlá, koríko ṣì ní omi lára, iná a sì rọra kọjá. Tó bá di Oṣù Kẹta, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, igi sì ti ń rú ewé tuntun. Iná ìgbà yẹn a máa pa ọ̀jẹ̀lẹ̀ igi. Ẹ̀kan kò bìkítà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ṣóńṣó wà níbi tí ooru kò dé. Èèpo ìrà nípọn. Àbàfẹ̀ a tún hù láti ìdí.

Nígbà tí a ṣì ń fi bẹẹrẹ bo ilé (òun náà ni ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ fi ń jẹ́ orúkọ), ó nídìí tí ènìyàn fi lè ṣọ́ pápá títí di ìgbà tí wọn yóò gé e. Páánù ti mú ìdí yẹn kúrò. Ọdẹ tó ń wá ọ̀yà àti darandaran tó ń wá koríko tútù ló kù tí wọ́n ń pinnu ìgbà tí iná yóò ràn.

Ewé Akíntọ́lá, àjèjì tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tún ti dé. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Àwọn olóṣèlú méjèèjì ì bá má fara mọ́ ọn. Ó ń ṣíji bo ẹ̀kan títí yóò fi kú, èyí tó lè mú wa rò pé igbó ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igi rẹ̀ gbígbẹ a máa jó wàràwàrà, a sì máa gbé iná wọ etí igbó tó ṣẹ́kù.