Ìtọ́jú Ọkàn Àwọn Ogunléndé: Àyẹ̀wò Rhino Camp ní Ùgáńdà

1. Ìfáàrà
Ọ̀rọ̀ náà, ogunléndé, sọ bí ẹni náà ṣe dé. Kò sọ ohun tí ó gbé sọ́kàn dé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ogunléndé tí ọkàn wọn dàrú ni a lè ràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ.

2. Ìdààmú ọkàn àti àrùn ọpọlọ
Ìbànújẹ́ a máa dorí àgbà kodò, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo àgbà di wèrè. Ẹni tí ogun gba ilé àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí oorun sùn, lè má ní àrùn ọpọlọ kankan. Ìdí nìyí tí ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ àgbáyé gbé jáde ní 2007 fi pín ìrànwọ́ sí ìpele mẹ́rin. Ààbò, oúnjẹ àti omi ni ìpìlẹ̀. Ẹbí àti àwùjọ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìrànwọ́ láti ọwọ́ àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ní ìwọ̀nba. Dókítà àrùn ọpọlọ ni ó wà lókè pátá, fún àwọn díẹ̀ tí àìsàn wọn le.

3. Àpẹẹrẹ Rhino Camp
Ogun abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Gúúsù Sùdáànì ní oṣù Kejìlá 2013 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ Ùgáńdà. Ní Rhino Camp, àwọn olùwádìí yan obìnrin ogunléndé 694 láti abúlé 14. Apá kan nínú wọn lọ sí ìpàdé márùn-ún, wákàtí méjì-méjì. Ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ti Júbà ni wọ́n gbọ́. A sì fún wọn ní ìwé alàwòrán. Àwọn tí ó darí ìpàdé kì í ṣe dókítà. Èsì tí a tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé ìdààmú ọkàn wọn dín kù ju ti àwọn tí kò lọ sí ìpàdé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà ti kéré sí i, ṣùgbọ́n kò parẹ́.

4. Ìgúnlẹ̀
Àpẹẹrẹ yìí kò sọ pé ìpàdé lè rọ́pò oúnjẹ tàbí ààbò. Ẹni tí àrùn ọpọlọ ń bá jà gan-an sì nílò dókítà àti oògùn. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ìlú tí ó bá ń dúró kí dókítà pọ̀ tó kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ nínú ìdààmú tí àwọn tí ó gbọ́ èdè wọn ìbá ti bá wọn dín kù.