Bí Ìjọba Bá Kọ̀ Láti San Owó Ìrànwọ́ fún Aláàbọ̀ Ara

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ìjọba a máa san owó kan fún aláàbọ̀ ara àti aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó ti pé ọmọ ọdún 16, tí kò sì tíì tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì nígbà tí ó kọ́kọ́ béèrè. Personal Independence Payment ni orúkọ rẹ̀. PIP ni àwọn ènìyàn ń pè é. Òfin ọdún 2012 ni ó bí i, ọdún 2013 ni sísan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe owó òtòṣì nìkan, nítorí ẹni tí ń gba owó oṣù pàápàá lè gbà á. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń dá ìbéèrè wọn nù, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀ sì wà lára wọn.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òfin yìí kò díwọ̀n orúkọ àrùn. Ohun tí àrùn náà kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe ni ó ń díwọ̀n: oúnjẹ sísè, ara wíwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ìrìn rírìn àti irú wọn. Máàkì ni wọ́n ń fi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá méjì ni owó náà ní, ti ìgbé ayé ojoojúmọ́ àti ti ìrìn. Ẹni tí ó bá ní máàkì 8 nínú apá kan yóò gba owó apá náà, ẹni tí ó ní 12 yóò gba èyí tí ó pọ̀ jù. Òfin sì sọ pé a kò gbọdọ̀ ka ènìyàn sí ẹni tí ó lè ṣe nǹkan, àfi bí ó bá lè ṣe é láìséwu, tí ó ṣe é dáadáa, tí ó lè tún un ṣe nígbà tí ó bá yẹ, tí kò sì pẹ́ jù lórí rẹ̀.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó fi ìṣòro náà hàn jù lọ. Orúkọ tí Yorùbá fún un ti ṣàlàyé tán: ẹni tí kò lè gbápá lónìí lè dìde rìn lọ́la. Bí àyẹ̀wò bá bọ́ sí ọjọ́ ìdìde, olùyẹ̀wò yóò kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wọlé, tí ó gbé àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò dá ọjọ́ kan ṣoṣo mọ̀. Ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ju ìdajì lọ láàárín oṣù 12 ni ó ń kà. Nítorí náà, ìwé tí aláìsàn fi ń kọ ìrora rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ lè wúlò ju ìwé dókítà tí ó kàn dárúkọ àrùn.

Bí ìwé tí ó kọ ìbéèrè náà bá dé, ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Láàárín oṣù kan, kí wọ́n ní kí ẹ̀ka ìjọba náà tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò; kí wọ́n gba ẹ̀dà ìròyìn olùyẹ̀wò, kí wọ́n sì fèsì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tún kọ̀, oṣù kan mìíràn wà láti lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, tí wọ́n ń wí pé ìjọba kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dá dúró, kò gba kọ́bọ̀, yóò sì pèsè ògbufọ̀ fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti jẹ́ pé ju ìdajì àwọn ẹjọ́ PIP tí ó gbọ́ ni olùbéèrè ń jàre, èyí tí kò buyì kún ìpinnu àkọ́kọ́ rárá. Ó sàn kí olùbéèrè yọjú fúnra rẹ̀ ju kí ó fi ìwé nìkan ránṣẹ́.

Ipò tí ènìyàn wà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni ìgbìmọ̀ ń wò. Bí àìsàn bá le sí i lẹ́yìn náà, ìbéèrè tuntun ni ó kù. Ẹni tí ó ti ń gba díẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìgbìmọ̀ lè dín in kù. Ní ti ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò fún láyè láti gba owó ìjọba, amòfin ni kí ó kọ́kọ́ rí, kí ó tó kọ ohunkóhun.